Abẹ Tí A Fi Òwú Aláró Dì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òfin tuntun yóò kan àwọn onígbàjámọ̀ ìlú náà, agogo ilé ẹjọ́ dún lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ gbọ̀ngàn ńlá tí ọba yọ̀ǹda fún àwọn adájọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ogun ọdún mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ẹnubodè àríwá, tí wọ́n ti fi ọ̀pá irin mẹ́fà dè láti ọjọ́ tí ìbọn àkọ́kọ́ ti dún, ni akéde ti sọ pé wọn yóò ṣí ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn oníṣòwò tó ń fi ìbaaka kó ẹrù lè tún máa gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ìjà dé kún ojú pópó, irùngbọ̀n wọn dé àyà, eruku ọ̀nà jíjìn sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń wá ẹni tí yóò fá a fún wọn. Kò pẹ́ rárá tí egbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti àgbọ̀n ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, nítorí abẹ tó kú, tí a kò sì fọ̀ dáadáa. Ni àwọn adájọ́ bá gbé òfin jáde: onígbàjámọ̀ tí kò bá yege nínú ìdánwò ilé ẹjọ́, kí ó sì fi àmì idẹ kọ́rùn kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, kí ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, kí ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀ sì fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àyè tí ojú ọ̀pọ̀ wọn wà lára rẹ̀ jù lọ ni ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Yàrá kan péré ni, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ gbòòrò, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ a sì máa bọ́ tààrà sórí àga dúdú kan tí ibi ìgbórílé rẹ̀ ti ń dán, nítorí àìmọye orí tó ti sinmi lé e. Bàsíà idẹ kan wà níbẹ̀, àti dígí kan tí igun rẹ̀ ti sán, àti abẹ méje nínú àpótí, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó ṣiṣẹ́ lónìí lè sinmi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọwọ́-Òwú ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ni ín, nítorí àwọn ìjòyè tó ń fárùngbọ̀n lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ pé àwọn kì í mọ ìgbà tí abẹ bá kan ara àwọn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni àrùn ẹ̀gbà mú apá ọ̀tún rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọwọ́ tí ìlú ń yìn ń rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí apá ẹ̀wù tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀.

Ohun tí ìlú kò mọ̀ ni pé ẹ̀yìnkùlé ni òwú ọwọ́ náà ti ń wá. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ìyàwó rẹ̀ ni ó ń pọ́n abẹ. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn aládùúgbò ń pè é, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i, lórí àpótí ìjókòó kékeré, pẹ̀lú òkúta dúdú kan tí ojú rẹ̀ tẹ́jú bí omi inú àwo. Ó mọ̀ pé òkúta ni ó ń fún abẹ ní ojú, pé awọ ni ó sì ń mú kí ojú náà jókòó. Ó mọ ìgbà tí òkúta bá ti fi irin tín-ín-rín sílẹ̀ létí abẹ, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí, àmọ́ tí èékánná àtàǹpàkò ń mọ̀. Ní gbogbo Sátidé, àwọn onígbàjámọ̀ ìlú a gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó abẹ wọn wá, wọn a fi lé ọkọ lọ́wọ́, wọn a sì bá tiwọn lọ. Ọkọ ni wọ́n rò pé ó ń pọ́n ọn, kò sì sẹ́ni tó bi tọkọtaya náà kí wọ́n tó ní láti parọ́. Ìyàwó a pọ́n abẹ náà, a fà á lórí awọ, a fi àkísà mímọ́ wé e, a sì fi òwú aláró dì í ní kókó méjì tó gorí ara wọn. Nígbà tí ẹ̀gbà dé, abẹ kò dẹ́kun àtimáa wá, kò sì dẹ́kun àtimáa mú. Àwọn onígbàjámọ̀ wí láàárín ara wọn pé ọkùnrin yẹn le: ọwọ́ òsì rẹ̀ náà tún mọṣẹ́.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, ìyàwó yìí náà ni ó ń fá irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà, bí ọṣẹ ti ń hó lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọkọ ní:

"Ìyá ilé, ọwọ́ rẹ wúwo lónìí."

"Ọwọ́ mi kọ́, olówó orí mi. Ẹnu yín ni kò dúró sójú kan."

"Báwo ni yóò ṣe dúró? Olórí Ẹgbẹ́ ti wá wo fèrèsé yìí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó na apá, ó fi wọn ìbú rẹ̀."

"Mo rí wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ rán ẹ̀wù fún un ni."

Ọkọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó gbé abẹ sókè, ó dúró títí ẹ̀rín fi tán ní ọ̀fun rẹ̀, ó tún gbé e padà.

"Tí wọ́n bá ní o kò gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ ńkọ́?"

"Kí wọ́n wí i lójú mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti ẹ̀yìn ògiri."

Ó nu ojú ọkọ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òwú funfun tó ti lọ̀ lálẹ́ àná, ó sì kó òkúta, awọ àti abẹ kan ṣoṣo sínú àpò.

Adájọ́ tó jókòó lọ́jọ́ náà jẹ́ ènìyàn gíga, tínínrín, aṣọ rẹ̀ dúdú, ọrùn aṣọ náà sì funfun báláú. Ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ ohun méjì: kì í sọ ọ̀rọ̀ tí kò tíì wọ̀n, irùngbọ̀n rẹ̀ sì le bí ọwọ̀ nígbà tí awọ ojú rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọ tuntun. Onígbàjámọ̀ mẹ́ta ló ti lé. Lọ́jọ́ náà, irùngbọ̀n ọjọ́ mẹ́rin wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Olórí Ẹgbẹ́ Onígbàjámọ̀ jókòó sí, nínú ẹ̀wù àrán pupa, ẹ̀wọ̀n fàdákà lọ́rùn, àmì idẹ sì ti ń tàn ní àyà rẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe olùdánniwò.

Onígbàjámọ̀ mẹ́wàá ló kọ́kọ́ jáde. Ẹnì kọ̀ọ̀kan fá irùngbọ̀n ọmọ ogun kan pẹ̀lú abẹ tirẹ̀. Gbogbo wọn yege, wọ́n gba àmì. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ń wo abẹ wọn bí wọ́n ti ń yọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí kò mọ̀ nínú wọn.

Nígbà tí akọ̀wé pe ṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà ààfin, Ọwọ́-Òwú fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Olúwa mi, ẹ kú ìjókòó. Àwa nìyí."

Olórí Ẹgbẹ́ mí kanlẹ̀. "Olúwa mi, ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí ọ̀rẹ́ mi ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò ní jẹ́ kí ebi pa á. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì mọ abẹ pọ́n, gbogbo wa la lè jẹ́rìí sí i. Kí ó wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi, kí ó máa pọ́n tiwa. Èmi yóò máa bá a tọ́jú ṣọ́ọ̀bù náà."

"Títí di ìgbà wo?" ni adájọ́ béèrè.

"Títí ara rẹ̀ yóò fi yá, olúwa mi."

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹnì kan wúkọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹ̀rín mì. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde.

"Olúwa mi, ẹ má bínú sí mi. Ṣọ́ọ̀bù wa ni òfin ní kí ó wá ṣe ìdánwò. Èmi ni mo wá ṣe é."

Olórí Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó wa, ilé ẹjọ́ nìyí o. Abẹ yàtọ̀ sí ọ̀bẹ ìdáná."

"Mo mọ̀, Bàbá Olórí. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ ìdáná ni, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ̀ bá máa pọ́n ọn."

Ẹ̀rín náà kúrò ní ẹnu bàbá yẹn díẹ̀díẹ̀. Adájọ́ ṣí ìwé òfin, ó fi ìka tọ ìlà kan lọ títí dé òpin rẹ̀.

"Òfin ní kí a dán abẹ wò, kí a sì dán ọwọ́ wò," ni ó wí. "Kò ní kí a dán nǹkan mìíràn wò. Sún mọ́bí."

"Mo dúpẹ́, olúwa mi. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ta ló dán Bàbá Olórí wò?"

Olórí Ẹgbẹ́ fi ọwọ́ kan àmì àyà rẹ̀. "Ta ni ì bá dán mi wò? Èmi ni olórí."

Adájọ́ wo àmì náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ìdáhùn yẹn kò sí nínú ìwé yìí. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ ṣe é. Ojú tèmi ni ẹ ó sì fá: ọ̀tún fún olórí, òsì fún obìnrin yìí."

"Olúwa mi," ni Ìyá Ẹ̀yìnkùlé tún wí, "abẹ tó ti mú láti ilé kò lè sọ ẹni tó mú un wá. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé pa ojú abẹ àwa méjèèjì lórí etí ìgò tàdáwà yín yẹn. Kí a wá jí i padà níbí, lójú gbogbo ènìyàn."

Níbi tí àwọn onígbàjámọ̀ mẹ́wàá dúró sí, wọ́n wo ara wọn lójú. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rọra ti àmì tuntun rẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀wù. Ọwọ́-Òwú gbójú sókè, ó ń ka igi àjà.

"Bí ó bá wù yín, olúwa mi," ni Olórí Ẹgbẹ́ wí.

Akọ̀wé ṣí àpò awọ olórí, ó mú abẹ kan jáde, ó tú òwú aláró tó wà lára rẹ̀, ó gbé òwú náà sórí tábìlì. Ó tú ti obìnrin náà, ó gbé òwú tirẹ̀ náà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa abẹ kìíní lẹ́ẹ̀mẹta lórí etí ìgò, ó fa èkejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìró rẹ̀ mú kí eyín gbogbo gbọ̀ngàn dun. Ó yí agogo oníyanrìn padà láti wọn àkókò wọn, yanrìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sàn.

Olórí Ẹgbẹ́ ti mọ iṣẹ́ yìí rí. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ti pọ́n abẹ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni ó ti fi ń rán abẹ rẹ̀ gba ilẹ̀kùn ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbàgbé ohun tí orí rẹ̀ ṣì rántí. Ó da òróró sórí òkúta, ó tẹ abẹ mọ́ ọn pẹ̀lú agbára, ó sì gbé ẹ̀yìn abẹ kúrò lórí òkúta, kí ojú rẹ̀ lè tètè mú. Òógùn bọ́ sórí àrán. Nígbà tí yanrìn dé ìdajì, ó so awọ rẹ̀ mọ́ ọwọ́ àga, ó fa abẹ lórí rẹ̀ tìkánjú-tìkánjú. Awọ náà dẹ̀ láàárín. Ní ìgbàkígbà tí abẹ bá dé àárín, awọ a tẹ̀ kọdọrọ, a sì yí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí padà.

Ìyá Ẹ̀yìnkùlé fi omi lásán tọ́ òkúta. Ó tẹ́ abẹ lé e, ẹ̀yìn àti ojú papọ̀, ó sì tì í lọ láìfi agbára kankan sí i, bí ẹni ń fi ọwọ́ pa ọmọ tó ń sùn lórí. Ó yí i padà, ó fà á bọ̀. Kò wo yanrìn lẹ́ẹ̀kan. Omi orí òkúta di eérú, ó nù ún kúrò, ó tún fi omi mìíràn sí i. Ó fi ojú abẹ kan èékánná rẹ̀, ó tún padà sórí òkúta fún ìgbà mẹ́fà, ó dúró.

Lẹ́yìn náà ni ó na awọ. Orí kan ni ó so mọ́ òpó gbọ̀ngàn. Orí kejì ni ó fi lé ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fà á le fún mi."

Ọwọ́-Òwú yí i mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tì, awọ sì nà tanntan. Abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó fi ń yí padà ní orí kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ojú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ìró rẹ̀ ń ha. Nígbà tó yá, ó rọ̀. Nígbà tó tún yá, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń mí lójú oorun. Ọkọ fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ́tí.

"Ó ti dáhùn," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Fi í sílẹ̀."

Ìyàwó fi í sílẹ̀. Ó fa irun kan tu ní orí ara rẹ̀, ó gbé e sókè, ó jẹ́ kí abẹ kàn án. Irun náà di méjì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Yanrìn ṣẹ́ kù díẹ̀.

Adájọ́ bọ́ sórí àga, akọ̀wé fi ọṣẹ tó ń hó kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́. Olórí Ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gbé abẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, abẹ gan mọ́ irun. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, omi lé ròrò ní ojú adájọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ yọ lára ọṣẹ funfun, ó pọ́n bí èso kékeré.

"Ó tó," ni adájọ́ wí.

Obìnrin náà wá sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Adájọ́ di ọwọ́ àga mú ṣinṣin, ó sì yíjú sí akọ̀wé kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá. Kọ ọ́ pé a pa ojú abẹ méjèèjì níwájú ilé ẹjọ́. Kọ ọ́ pé..." Ó rí i pé akọ̀wé kò kọ nǹkan kan mọ́, pé ojú òun ni ó ń wò. Ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó fi ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n, ó tún gbé e gòkè, lòdì sí ibi tí irun ń dá sí. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ó wo aṣọ inura tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà: ọṣẹ wà lára rẹ̀, àti irun ọjọ́ mẹ́rin, kò sí ẹ̀jẹ̀.

Adájọ́ yíjú sí tábìlì. Ó rí òwú méjì náà níbẹ̀.

"Òwú kan náà," ni ó wí. "Olórí, ẹ kó àwọn abẹ yín tó kù jáde."

Mẹ́fà ló kù. Òwú aláró wà lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kókó méjì tó gorí ara wọn. Adájọ́ yíjú sí àwọn mẹ́wàá. Láìjẹ́ pé ó béèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpò wọn. Aró, aró, aró.

"Ọkọ rẹ̀ ló ń pọ́n ọn, olúwa mi," ni Olórí Ẹgbẹ́ wí. "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀."

Ọwọ́-Òwú gbé ọwọ́ òsì náà sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí i. "Èyí? Ọ̀rẹ́ mi, kò tíì lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ìyàwó mi ni ó ń pọ́n ọn."

Adájọ́ mú ọ̀kan nínú abẹ olórí, ó nà án sí òun àti àwọn mẹ́wàá. "Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo di irú kókó yìí fún mi."

Kò sẹ́ni tó lè dì í. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun, ó gba gbọ̀ngàn kọjá, ó sì jáde sí ojú pópó kí ọ̀rọ̀ tó fa ẹ̀rín náà tó dé ibẹ̀. Nígbà tí ó rọlẹ̀, adájọ́ sọ̀rọ̀ ní ohùn tí kò yí padà.

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Abẹ tí ìlú yìí ti ń yìn láti ọdún mọ́kàndínlógún, ọwọ́ kan ni ó pọ́n ọn, ọwọ́ náà sì wà níwájú ilé ẹjọ́. Kí àmì idẹ àkọ́kọ́ kúrò lọ́rùn olórí, kí ó bọ́ sọ́rùn obìnrin yìí. Ṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà ààfin kò ní ṣípò. Olórí àti àwọn mẹ́wàá yòókù ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ́ bí a ti ń jí abẹ. Ibi tí wọ́n bá ti kọ́ ọ kò kan ilé ẹjọ́." Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tó ṣì rí gánnagànna. "Ìyá, bí kò bá ní ọ́ lára, ẹ̀gbẹ́ kejì yìí. Ilé ẹjọ́ kò lè jáde báyìí."

Ó fá a. Lọ́jọ́ náà, oòrùn wọ̀, fèrèsé gbòòrò náà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, Ọwọ́-Òwú jókòó nínú rẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, àti ẹni tí kò tíì dé.

Ní Sátidé, ìró òòlù láti ẹnubodè àríwá ni ó jí ìlú. Wọ́n ń yọ ọ̀pá irin. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Ìyá Ẹ̀yìnkùlé, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti máa ń kàn án. Ó ṣí i. Olórí Ẹgbẹ́ ni, nínú ẹ̀wù lásán, àpò awọ lábẹ́ abíyá. Àwọn mẹ́wàá tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ kú àárọ̀, ìyàwó wa."

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Olórí. Ṣé àlàáfíà ni ẹ jí?"

"Àlàáfíà ni. A ní... ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wa."

"Mo wà níbẹ̀." Ó wo ojú wọn títí dé ẹni tó kẹ́yìn. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà iwájú ni, Bàbá Olórí. Mo ti tẹ́ bẹ́ǹṣì sílẹ̀."

Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n yí ògiri náà ká, kí wọ́n sì gba ojú pópó, mọ́kànlá lẹ́yìn ara wọn, níwájú àwọn tó ń ta ọjà àti àwọn tó ń lọ wo ẹnubodè. Wọ́n wọlé. Ó mú òkúta dúdú bọ́ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì fi abẹ lé Olórí Ẹgbẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀yìn àti ojú papọ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́." Nígbà tó kan ti awọ, Ọwọ́-Òwú ni ó di orí kan mú, ó fi orí kejì lé olórí lọ́wọ́, ó fi ẹ̀yìn tì, ó ní, "Fà á le, ọ̀rẹ́ mi. Fà á bí ẹni pé ìbú fèrèsé ni ò ń wọ̀n." Olórí Ẹgbẹ́ wò ó, ẹ̀rín sì já bọ́ lẹ́nu òun náà.

Láti ìta, ariwo ńlá gbòde: ọ̀pá kẹfà ti bọ́ sílẹ̀, ìbaaka àkọ́kọ́ sì ti ń gba abẹ́ ẹnubodè kọjá wọ ìlú. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sídìí òkúta. Ó mú òòlù, pákó kan àti ìṣó mẹ́rin, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì kan ilẹ̀kùn náà pa.